Bí A Ṣe Ń Tọ́ka Sí Fídíò Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Nínú Iṣẹ́ Ìwé Yunifásítì

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá bá ń sáré parí pùrójẹ́ẹ̀tì wọn, ẹ yà sí èyíkéyìí nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé tí wọ́n sì ń dì í ní agbègbè Akoka àti Abúlé-Ọjà, kí ẹ ṣí ojú ewé tó gbẹ̀yìn nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń dì. Àwọn ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ kà máa ń wà níbẹ̀ létòlétò: orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún, àkọlé, ilé ìtẹ̀wé. Tó bá wá kan fídíò, líǹkì gbọọrọ kan ni ẹ ó bá níbẹ̀, tàbí ọ̀rọ̀ kan péré: "YouTube". Ó máa ń dùn mí, torí ẹni tó kọ ọ́ lè ti pa oorun rẹ̀ tì nítorí fídíò ọ̀hún, kó ti tẹ́tí sí i dáadáa, kó sì ti rí ohun tí ẹlòmíì ò kíyè sí. Àmọ́ kò fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lọ wò ó fúnra rẹ̀.

Ẹni tó kọ "YouTube" nìkan dà bí ẹni tó sọ fún àlejò pé ìsọ̀ òun wà ní Balógun. Àlejò á rìn títí. Iṣẹ́ tí ìtọ́ka ń ṣe ni pé kó mú ẹni tó ń ka àròkọ yín dé orí fídíò yẹn gan-an, kó sì mú un dé ìṣẹ́jú tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ béèrè ìlànà tí ẹ̀ka yín ń lò

Ẹ béèrè lọ́wọ́ súpáfáísọ̀ yín bóyá APA, MLA tàbí Chicago, ìyẹn àwọn ìlànà mẹ́ta fún kíkọ ìtọ́ka, ni wọ́n ń gbà. Àwọn tó wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀kọ́ àti ìmọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá sábà máa ń lo APA. Àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ máa ń lo MLA. Chicago wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn onítàn. Ẹ̀dà keje ni APA wà báyìí, ẹ̀dà kẹsàn-án ni ti MLA, èyí tó jáde ní 2021, ẹ̀dà kejìdínlógún Chicago sì jáde ní 2024. Bí ẹ̀ka yín bá ní ìwé ìlànà tirẹ̀, èyí tó wà nínú ìwé yẹn ni kí ẹ tẹ̀ lé, kódà bó bá yàtọ̀ díẹ̀ sí ohun tí mo máa sọ níbí. Ẹ má po ìlànà méjì pọ̀ nínú iṣẹ́ kan.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ tọpa fídíò náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ gbé e síta

Ibí yìí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò kọjá.

Ẹ jẹ́ ká fi Ẹ̀yọ̀ ṣe àpẹẹrẹ, torí kò ṣeé ṣe kéèyàn kọ̀wé nípa àṣà Ìsàlẹ̀ Èkó kó má kan Adámú Òrìṣà, orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pe eré Ẹ̀yọ̀. Bí ẹ bá wá a lórí YouTube, fídíò lóríṣiríṣi á jáde sí yín: èyí tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n yà, èyí tí ẹnì kan dúró sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fi fóònù yà, àti èyí tí ẹlòmíì jí gbé, tó gé àmì ìkànnì àkọ́kọ́ kúrò lára rẹ̀, tó wá fi orin tó wù ú bo ìlù àti orin Ẹ̀yọ̀ mọ́lẹ̀. Irú ìkẹta yìí ni kí ẹ sá fún. Ẹni tó ń kọ̀wé nípa orin Ẹ̀yọ̀, tó wá lo fídíò tí wọ́n ti pààrọ̀ orin inú rẹ̀, kí ló fẹ́ kọ?

Láti mọ orísun, ẹ wo igun fídíò bóyá àmì tẹlifíṣọ̀n tàbí orúkọ ìkànnì kan ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fi àkọlé rẹ̀ wá a, kí ẹ wo èyí tí ọjọ́ rẹ̀ pẹ́ jù àti èyí tó gùn jù, torí ayédèrú sábà máa ń kúrú ju ojúlówó lọ. Bí kò bá ṣì yé yín, ẹ ya àwòrán ojú fóònù níbi tí nǹkan ti hàn kedere, kí ẹ fi Google Lens wá a.

Fídíò orí WhatsApp nílò ìkíyèsára gidi. Fídíò tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó yà á, kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ wá ibi tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bàbá kan ní Ìdúmọ̀tà bá fi fídíò tí òun fúnra rẹ̀ yà ránṣẹ́ sí yín, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ àárín ẹ̀yin àti bàbá ni APA ka ìyẹn sí. Inú àròkọ nìkan ni ẹ ó ti dárúkọ bàbá pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́, kò ní wọ inú ìwé ìtọ́kasí tó wà lẹ́yìn, torí òǹkàwé kò lè rí fídíò ọ̀hún. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ bàbá kí ẹ tó kọ orúkọ wọn sínú iṣẹ́ tí ẹ máa fi sílẹ̀ fún yunifásítì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ nílò sílẹ̀ kí ẹ tó pa fídíò náà dé

Dátà wọ́n. Kò yẹ kí ẹ máa padà ṣí fídíò kan náà lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ọjọ́ tí ẹ gbàgbé. Bí ẹ bá ti wò ó tán, ẹ kọ orúkọ ìkànnì sílẹ̀ bó ṣe wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ kọ àkọlé, ọjọ́ tí wọ́n gbé e síta, àti líǹkì. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò bá yàtọ̀ sí ẹni tó ni ìkànnì, ẹ kọ orúkọ tirẹ̀ náà.

Ọjọ́ ló máa ń tan èèyàn jẹ. Lórí fóònù, ohun tí YouTube kọ sábẹ́ àkọlé lè jẹ́ "3 years ago". Ìyẹn ò tó. Ẹ tẹ àkọlé náà tàbí ọ̀rọ̀ "more" tó wà níbẹ̀, àlàyé fídíò á ṣí sílẹ̀, ẹ ó sì rí ọjọ́, oṣù àti ọdún.

Ẹ rántí pé ọjọ́ tí wọ́n gbé fídíò síta kọ́ ni ọjọ́ tí nǹkan inú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Wọ́n ṣeré Ẹ̀yọ̀ lóṣù karùn-ún ọdún 2017. Bí ẹnì kan bá yà á lọ́jọ́ yẹn, tó wá gbé e sórí ìkànnì rẹ̀ ní 2020, 2020 ni ẹ ó kọ sínú ìtọ́ka. 2017 á wà nínú gbólóhùn yín: "Nínú fídíò Ẹ̀yọ̀ ọdún 2017 tí ẹni báyìí gbé síta..." Ẹ jẹ́ kí ọdún méjèèjì hàn, kí òǹkàwé má bàa rò pé wọ́n ṣeré Ẹ̀yọ̀ ní 2020.

Ní ti líǹkì, bí ẹ bá tẹ "Share", ohun tí YouTube máa fún yín á ní àmì ìbéèrè àti "si=" lẹ́yìn, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí kò wúlò fún òǹkàwé. Ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ láti ibi àmì ìbéèrè tó ṣáájú "si=" yẹn lọ, àmọ́ ẹ má fọwọ́ kan àmì ìbéèrè inú "watch?v=" bí líǹkì yín bá ní in. Ohun tó ń dá fídíò mọ̀ ni lẹ́tà àti òǹkà mọ́kànlá tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ wo ti fídíò tí a máa lò nísàlẹ̀ yìí: D9Ihs241zeg. Lẹ́tà ńlá "I" ló wà lẹ́yìn 9 yẹn, kì í ṣe "l" kékeré, ojú lásán ò sì lè fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ wọn. Bí ẹ bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, tí ẹ ṣi lẹ́tà kan ṣoṣo, fídíò ò ní ṣí. Ẹ dà á kọ látorí fóònù sínú iṣẹ́ yín tààrà, ẹ má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ta ni "òǹkọ̀wé" fídíò?

APA ní ìdáhùn tó ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu: ẹni tó gbé fídíò síta ni wọ́n ń fi sípò òǹkọ̀wé, kì báà jẹ́ pé òun kọ́ ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ìdí ni pé orúkọ ìkànnì yẹn ni òǹkàwé máa fi rí i. Chimamanda Ngozi Adichie sọ̀rọ̀ ní ìpàdé àsọyé TED ní Oxford lóṣù keje ọdún 2009, TED sì gbé e sórí YouTube lọ́jọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún náà. Bí ẹ bá wò ó lórí YouTube, TED ni òǹkọ̀wé. Bó bá jẹ́ orí wẹ́ẹ̀bù TED fúnra rẹ̀ ni ẹ ti wò ó, Adichie ni òǹkọ̀wé, TED Conferences á sì wà níbi tí orúkọ ilé iṣẹ́ ń wà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ìtọ́ka méjì. Nítorí náà, ibi tí ẹ ti wò ó ni kí ẹ kọ.

Kí orúkọ Adichie má bàa sọnù, ẹ fi sínú gbólóhùn yín. Ẹ kọ pé Adichie ló sọ̀rọ̀, kí TED tẹ̀ lé e nínú àkámọ́.

Bí ẹni tó ni ìkànnì bá ń jẹ́ orúkọ mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí gbogbo ayé sì mọ orúkọ rẹ̀ gan-an, ẹ kọ méjèèjì. Mr Macaroni ni gbogbo Èkó ń pe Adébọ̀wálé Adédayọ̀. Ẹni tó ń kọ̀wé lórí èdè inú eré apanilẹ́rìn-ín rẹ̀ á kọ ọ́ báyìí:

Adedayo, A. [Mr Macaroni].

Bí orúkọ ìkànnì nìkan bá ni ẹ mọ̀, òun nìkan ni kí ẹ kọ. Ẹ má ṣe méfò orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́kasí

Bó ṣe rí ní ìlànà APA nìyí:

TED. (2009, October 7). The danger of a single story | Chimamanda Ngozi Adichie [Video]. YouTube. https://www.youtube.com/watch?v=D9Ihs241zeg

Àkọlé fídíò nìkan ni ẹ ó fi lẹ́tà tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ. Àmì ìdánudúró ò gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn líǹkì. Lábẹ́ lẹ́tà T ni yóò bọ́ sí nínú ìtò a-b-d. Bó bá jẹ́ Yorùbá ni ẹ fi kọ iṣẹ́ náà, ẹ kọ Fídíò sínú àkámọ́ onígun yẹn, kí ẹ sì kọ oṣù ní Yorùbá.

Ní ìlànà MLA:

Adichie, Chimamanda Ngozi. "The Danger of a Single Story." YouTube, uploaded by TED, 7 Oct. 2009, www.youtube.com/watch?v=D9Ihs241zeg.

Níbí, ẹni tó sọ̀rọ̀ ló ṣáájú, ẹni tó gbé e síta tẹ̀ lé e. Inú àmì àyọlò ni àkọlé wà, "YouTube" ni ẹ ó fi lẹ́tà tó tẹ̀ kọ, àmì ìdánudúró sì wà níparí. Ẹ rí i pé ohun kan náà ni ìlànà méjèèjì ń sọ. Ètò ló yàtọ̀. Ẹni tó bá ti kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kẹta lè ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ bí súpáfáísọ̀ bá yí ọ̀rọ̀ padà. Ní ti Chicago, inú àlàyé ìsàlẹ̀ ojú ewé ni àwọn nǹkan wọ̀nyí sábà máa ń wà.

Àkọlé tó wà ní Yorùbá, ẹ má ṣe tú u sí Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ wá gbé ojúlówó rẹ̀ jù nù. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn bí àmì ohùn bá wà lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ fi ń kọ̀wé, APA ní kí ẹ fi ìtumọ̀ rẹ̀ sínú àkámọ́ onígun lẹ́yìn àkọlé, kó tó kan ọ̀rọ̀ tó sọ pé fídíò ni. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Ẹni tó bá tẹ àkọlé tí ẹ tú sí Gẹ̀ẹ́sì sórí YouTube kò ní rí nǹkan kan, fídíò Yorùbá náà á sì dà bí èyí tí kò sí láyé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ kọ ìṣẹ́jú sínú àròkọ

Fídíò kò ní ojú ewé. Ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá ni ojú ewé tirẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ̀rọ̀ lò láti ìṣẹ́jú kẹrin àti ìṣẹ́jú àáyá méjìlá, APA á jẹ́ (TED, 2009, 4:12). MLA máa ń ka wákàtí mọ́ ọn, ó sì máa ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí: (Adichie 00:04:12-20).

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló nílò ìṣẹ́jú. Ní tèmi, ohun tí ojú rí nílò rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ẹ padà síbi fídíò Ẹ̀yọ̀. Ká sọ pé ẹ kọ pé Lábá, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ Ẹ̀yọ̀, ti kọjá kí ẹgbẹ́ Oníkò tó dé. Akẹtẹ̀ pupa ni Lábá ń dé, àwọ̀ ìyeyè ni ti Oníkò, nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá ní ojú lè yẹ̀ ẹ́ wò, bí ẹ bá ti sọ ibi tó yẹ kó wò fún un. Láìsí ìṣẹ́jú, òǹkàwé á jókòó ti fídíò wákàtí méjì, kó máa wá akẹtẹ̀ pupa láàárín ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ agbádá funfun. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú tí Lábá wọlé àti ìṣẹ́jú tí Oníkò wọlé. Ìyẹn ló ń sọ ohun tí ẹ rí di ẹ̀rí.

Bí ẹ bá wà nídìí kọ̀ǹpútà, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ ojú fídíò, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti lè da líǹkì tó ní ìṣẹ́jú kọ. Ó dára fún àkọsílẹ̀ tiyín. Nínú ìwé ìtọ́kasí, líǹkì lásán ni kí ẹ lò.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ fi etí gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ máa yọ lò

Ẹ má ṣe da ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kọ sísàlẹ̀ fídíò sínú àmì àyọlò. Ẹ̀rọ yẹn máa ń ṣi orúkọ èèyàn àti orúkọ àdúgbò wa kọ, ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ ò sì yé e. Ẹ gbé etí sí i, ẹ dá a padà, ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ tó kọ ọ́. Bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, tí ẹ sì tú u sí Gẹ̀ẹ́sì fúnra yín, APA kò ka ìyẹn sí àyọlò mọ́; ọ̀rọ̀ tí ẹ gbà sọ ni, kò sì nílò àmì àyọlò. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà gan-an ni ẹ ń yẹ̀ wò, bí oríkì tàbí ìyẹ̀rẹ̀, ẹ kọ Yorùbá rẹ̀ sílẹ̀ ná, kí ìtumọ̀ tẹ̀ lé e.

Àwọn fídíò tí kì í ṣe ti YouTube

TikTok àti Instagram kì í sábà ní àkọlé. Ọ̀rọ̀ tí ẹni náà kọ sábẹ́ fídíò ni ẹ ó lò dípò rẹ̀, ogún ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni APA sì gbà. Orúkọ tó ní àmì @ níwájú á wọ inú àkámọ́ onígun lẹ́yìn orúkọ gan-an, TikTok tàbí Instagram á sì bọ́ sípò YouTube.

Fídíò tí wọ́n ń gbé jáde lójú ẹsẹ̀ le díẹ̀. Ní alẹ́ ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún 2020, DJ Switch, olórin kan, ń fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi ìwọ́de EndSARS ní Lekki Toll Gate hàn lórí Instagram bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Àwọn mìíràn gbà á sílẹ̀, wọ́n sì tún gbé e sórí ìkànnì tiwọn. Ẹni tó ń kọ̀wé nípa alẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ tọ́ka sí ẹ̀dà tí òun fúnra rẹ̀ wò, kó dárúkọ ìkànnì tó wà, kó sì sọ nínú àròkọ pé àdàkọ ni. Lórí irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣì ń jiyàn lé báyìí, ẹ̀dà tí a wò àti gígùn rẹ̀ ṣe pàtàkì gan-an.

Sinimá odindi tí ẹnì kan gbé sórí YouTube kì í ṣe tirẹ̀. Bí ẹ bá ń kọ̀wé lórí Saworoide, sinimá ọdún 1999, Túndé Kèlání tó darí rẹ̀ ni ẹ ó fi sípò òǹkọ̀wé, ọdún 1999 ni ẹ ó kọ, kí ẹ sì tọ́ka sí i bíi fíìmù. Orúkọ ẹni tó jí i gbé kò gbọ́dọ̀ wọ inú iṣẹ́ yín.

Kí ẹ tó lọ tẹ̀ ẹ́

Fídíò lè pòórá nígbàkigbà. Ẹni tó ni ín lè pa á rẹ́, ó sì lè tì í pa. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ wò ó, ẹ ya àwòrán ojú fóònù tó fi àkọlé, ìkànnì àti ọjọ́ hàn, kí ẹ sì fi ojú ewé náà pamọ́ sórí Wayback Machine, ìkànnì tó ń tọ́jú ẹ̀dà ojú ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kì í fìgbà gbogbo gba fídíò gan-an pamọ́, àmọ́ á fi hàn pé fídíò náà ti wà rí. Bó bá ti pòórá kí ẹ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ wá ẹ̀dà mìíràn tí wọ́n gbà láyè, tàbí kí ẹ yọ ọ́.

Ẹ ka àròkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ rí i pé gbogbo orúkọ tó wà nínú àkámọ́ ló wà nínú ìwé ìtọ́kasí (àyàfi ti ẹni tó fi fídíò ránṣẹ́ sí yín fúnra rẹ̀, bíi bàbá Ìdúmọ̀tà), àti pé kò sí èyí tó wà nínú ìwé ìtọ́kasí tí ẹ ò lò. Ẹ fi líǹkì kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín kan, kó ṣí i lórí fóònù tirẹ̀.

Ẹ sọ iṣẹ́ náà di PDF nílé kí ẹ tó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kọ̀ǹpútà àwọn onítẹ̀wé kì í fìgbà gbogbo ní irú lẹ́tà tí ẹ lò, ẹ ọ ṣ tó wà nínú orúkọ ìkànnì àti àkọlé lè di àpótí òfìfo lórí bébà. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, kí wọ́n tó dì í, ẹ gba ojú ewé ìtọ́kasí, kí ẹ fi líǹkì inú rẹ̀ wé ti orí fóònù yín ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.